Ààlè Mẹ́rìnlá Lẹ́nu Oko Bàbá Mi

Òórùn ewúrẹ́ ni mo fi ń rántí ọdún yẹn, ewúrẹ́ tó gba inú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí irin ìlọṣọ eléèédú tó gbóná, bàbá mi ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní Djègan-Kpèvi, àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́. Ewúrẹ́ méjì ló dì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ọkọ́ tuntun kan ló gbé kọ́ èjìká, àkùkọ kan sì wà nínú agbọ̀n níwájú, tó ń wo gbogbo wa bí ẹni pé àwa la ṣẹ̀ ẹ́. Òórùn ìgbẹ́ ewúrẹ́, òórùn òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, òórùn aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí kí a tó lọ̀ ọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dàpọ̀ mọ́ra wọn. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ewúrẹ́ níbikíbi, ọwọ́ mi á máa wá abẹ́rẹ́.

Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, ó wo ewúrẹ́, ó wo bàbá mi.

“Bàbá Ràfíù, ṣé àwọn wọ̀nyí náà wá dá aṣọ ni?”

“Rárá o. Àwọn ni yóò gbà wá lọ́wọ́ ọjà. Láìpẹ́, iyọ̀ nìkan la ó máa rà nínú ilé yìí.”

“Ìṣáná ńkọ́?”

“Iyọ̀ àti ìṣáná.”

“Epo àtùpà ńkọ́? Ọṣẹ ńkọ́?”

“Ọṣẹ, a ó ṣe é fúnra wa.”

“Ta ló ń jẹ́ ‘a’?” ni ìyá mi wí, ó sì padà sídìí iná rẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Àjàṣẹ́ á rántí ìgbà náà. Àwọn sójà ti gba ìjọba, Rèfólúsíọ̀n ti dé, gbogbo ènìyàn sì ti di kamaráàdì láàárín òru kan. Ẹni tí a ń pè ní Bàbá Onírẹsì lánàá, Kamaráàdì Onírẹsì ni lónìí, ìwọ̀n ìrẹsì rẹ̀ ò sì tìtorí ìyẹn kún sí i. Lójoojúmọ́ ni rédíò ń sọ fún wa pé kí oníkálùkù gbin ohun tí yóò jẹ. Nílé ìwé, wọ́n gba ilẹ̀ bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wa, wọ́n ní ká gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yìí wọ bàbá mi létí ju bó ṣe wọ ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ má rò pé ó fẹ́ràn ariwo Rèfólúsíọ̀n o. Ó ti ń lá àlá oko tipẹ́ kí àwọn sójà tó dé, wọ́n kàn wá fún àlá náà ní rédíò ni.

Ìlú ni wọ́n bí bàbá mi sí. Aránṣọ ni bàbá rẹ̀, aránṣọ ni bàbá bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó fi ewé iṣu hàn wọ́n láàárín ewé mẹ́ta, méjì ni yóò kọ́kọ́ ṣì mú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fi ilẹ̀ kékeré kan sílẹ̀ fún un lẹ́yìn Dowa, níbi tí ilé ti ń tán tí igbó ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ilẹ̀ náà kò sì jẹ́ kó sùn mọ́. Yóò rán apá aṣọ kan tán, apá kejì á wà lórí tábìlì, òun á ti gun kẹ̀kẹ́ lọ wo bóyá ata ti hù. Àwọn oníbàárà dúró títí, ó sú wọn. Nígbà tó ń kọ ebè, okùn ìwọnṣọ ló fi wọ̀n ọ́n, ṣọ́ọ̀kì ìlàṣọ ló sì fi sàmì sí i. Àgbàdo rẹ̀ tò gbọọrọ bí bọ́tìnì ara ẹ̀wù gígùn àlùfáà Àgùdà. Àwọn obìnrin Dowa máa ń yà wò ó, wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu. “Aránṣọ, nígbà wo lẹ ó gbé oko yìí wọ̀?” Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ó ku kí n lọ̀ ọ́.” Pérégún ló gbìn yí i ká ṣe ọgbà, torí wọ́n sọ fún un pé pérégún kì í kú. Bó bá ń gbìn ín, á máa sọ fún mi pé, “Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà, ṣùgbọ́n èyí, Ràfíù, tiwa ni láìsí ààlà.” Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ohun tí mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé èmi náà máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ìṣọ́ ni iṣẹ́ tèmi. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, àti ní ọjọ́ tí a kì í lọ sílé ìwé láàárín ọ̀sẹ̀, kí n lọ jókòó sí oko, kí n fún adìẹ lóúnjẹ, kí n máa wo àgbàdo kí ẹnikẹ́ni má bàa ya á. Iṣẹ́ tó rọrùn ni, àbí? Ẹni tó bá mọ̀ mí ló mọ̀ pé kò rọrùn. Ọmọ tí wọ́n bí sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ẹ̀rọ náà ń dún sí létí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ wá gbé e sínú ìdákẹ́jẹ́. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ á fara nu ara wọn, èmi á sọ pé ẹnìkan ń pe orúkọ mi. Ìbẹ́pẹ pípọ́n kan á já lulẹ̀, gbì! Kí ohùn rẹ̀ tó tán, mo ti dé ojú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, awọ́nríwọ́n ńlá kan jáde láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, a sì wo ara wa lójú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́ pé òun ló kọ́kọ́ sá. Èmi ni mo kàn kọ́kọ́ délé.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró níwájú bàbá mi, kí n ní ẹ̀rù ìbẹ́pẹ ń bà mí?

Àkókò yẹn gan-an ni iṣẹ́ àsíá dé. Dèlégè àdúgbò wa, aṣojú Rèfólúsíọ̀n láàárín wa, Kamaráàdì Làsísì, ẹni tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó ń lẹ kẹ̀kẹ́ fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláásí, gbé ìdì aṣọ pupa wá, ó ní kí bàbá mi rán àsíá àti aṣọ gbọọrọ tí wọn yóò ta kọjá títì fún àjọ̀dún Rèfólúsíọ̀n. Kò sí àyè oko mọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá mi fi wà nídìí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ pọ́n bí aṣọ tó ń rán, ọkàn rẹ̀ sì wà lẹ́yìn Dowa. Àgbàdo ti ń gbó. Ó fi oko lé mi lọ́wọ́. “Ìwọ ni mo fọkàn tẹ̀ o. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà lokùn ń tọ̀.” Nírọ̀lẹ́, kó tó gbé ojú kúrò lára aṣọ, á béèrè pé, “Oko ńkọ́?” Èmi á ní, “Ó wà dáadáa, Bàbá.”

Ẹ̀bá ọ̀nà Dowa ni mo ti rí ọgbọ́n tó bà mí jẹ́. Ìyá arúgbó kan di igi ìdáná jọ síbẹ̀, ó so àkísà àti ṣùkù àgbàdo mọ́ ọn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Igi lásán! Kò sí ọmọ kankan tó ń ṣọ́ ọ! Mo mọ̀ pé ààlè ni wọ́n ń pè é, gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í mú nǹkan tí ààlè bá wà lára rẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé nǹkan kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń so mọ́ ààlè ló ní ohun tó ń wí. Mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe lágbára tó.

Mo bẹ́rẹ̀ sábẹ́ tábìlì bàbá mi, mo ṣa àjákù aṣọ pupa. Ọ̀kan gùn ju àwọn yòókù lọ, torí ẹni tó ń fi ọ̀dà funfun kọ̀wé sí aṣọ náà ti kọ ọ́ wọ́, wọ́n sì gé e dànù. RÉVO, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Rèfólúsíọ̀n, ló wà lára rẹ̀. Mo mú ìkarahun ìgbín, mo mú ṣùkù, mo mú sálúbàtà ìyá mi kan tó ti já. Mo dé oko, mo sì so wọ́n mọ́ pérégún yí ọgbà ká, mẹ́rìnlá géérégé. Èyí tó ní RÉVO, tòun ti sálúbàtà, ẹnu ọ̀nà ni mo so ó sí, torí ó lẹ́wà jù. Bí mo ṣe ń so ọ́ ni mo ń ṣépè. Mo ní, “Ẹni tó bá wọ ibí, kí ikùn rẹ̀ wú. Ẹni tó bá tú u tí kì í ṣe òun ló so ó, kí tiẹ̀ wú jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Ta ló kọ́ mi? Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹ̀rù tó ń bà mí ló sọ mí di elédùmarè ọ̀sán gangan.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò wọ oko mọ́. Ẹ rántí pé mo ti ṣépè fún ẹni tó bá wọlé, mi ò sì rántí yọ ara mi sílẹ̀. Mo kàn ń dúró lẹ́yìn ọgbà, mo ń ju àgbàdo sí àwọn adìẹ láti òkèèrè bí alàájì tó ń sọ èṣù lókò, n ó sì sáré lọ sétí ọ̀sà lọ gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn obìnrin Dowa tó máa ń wá bá wa ro oko kí wọ́n lè rí ẹ̀fọ́ mú lọ, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n rí ohun tí wọ́n rí, wọ́n padà. Koríko yọ. Tòmátì pọ́n, ó rà. “Oko ńkọ́?” “Ó wà dáadáa, Bàbá.”

Ni Kamaráàdì Làsísì bá ronú ohun rere kan. Lọ́jọ́ tó wá kó àsíá, ó gbọ́ bí bàbá mi ṣe ń rojọ́ oko rẹ̀, iyọ̀ nìkan la ó máa rà, ló bá na ìka sókè. “Kamaráàdì aránṣọ, irú yín ni à ń wá! Lọ́la, a ó mú àwọn ọmọ ilé ìwé wá wò ó.” Bàbá mi ò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ó fọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èmi, mo rò ó kí n sá lọ tú wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú.

Ẹ wò wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kíláàsì wa ló tò lọ bí ọ̀já, Dèlégè wà níwájú pẹ̀lú ọkùnrin méjì tó wá láti kòmíté ńlá, olùkọ́ wa tẹ̀ lé wọn, bàbá mi sì ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú agbádá ọjọ́ Jímọ̀. Orin là ń kọ láti Djègan-Kpèvi títí dé Dowa. Mo ń gbàdúrà kí òjò rọ̀. Mo ń gbàdúrà kí ẹnìkan kán lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, mo ń gbàdúrà kó jẹ́ èmi.

Orin kú lẹ́nu ọ̀nà oko. Ó kọ́kọ́ kú lẹ́nu àwọn tó wà níwájú, ó wá ń kú bọ̀ lẹ́yìn. Koríko ti bo ebè, àgbàdo ti gbẹ lórí igi. Aṣọ pupa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ yí ọgbà ká, ìkarahun ń lu ṣùkù, kọ́, kọ́, kọ́. Lẹ́nu ọ̀nà gan-an, RÉVO rọ̀ dirodiro, sálúbàtà obìnrin kan sì wà nídìí rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ìgbà náà mọ irú àsìkò tó jẹ́. Àwọn kamaráàdì ń gbógun ti oṣó, àjẹ́ àti gbogbo ohun tó bá jọ ọ́. Wọ́n ń gé igi tí àwọn bàbá wa ò gbọdọ̀ tọ́ka sí. Ẹ wá lọ fi aṣọ Rèfólúsíọ̀n ṣe ààlè, kẹ́ ẹ so bàtà mọ́ ọn.

“Ta ló ṣe èyí?” ni ọ̀kan nínú àwọn tó wá láti kòmíté ńlá béèrè. Ó kọjú sí Dèlégè. “Kamaráàdì, ẹ tú u dànù.”

Kamaráàdì Làsísì, tó ti sọ̀rọ̀ títí lọ́nà nípa bí ìgbàgbọ́ asán ṣe tán ní ilẹ̀ wa, kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. “Olùkọ́ ló yẹ kó tú u, kó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ.”

Olùkọ́ wa ní, “Èjìká ló ń dùn mí láti àná.”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́, Kamaráàdì?” ni Dèlégè bi ẹni tó pàṣẹ náà.

Ọkùnrin kòmíté ńlá náà wo sálúbàtà yẹn. “Ẹni tó so ó,” ló wí, “ni kó wá tú u.”

Bàbá mi sún mọ́ ọn. Ó wo aṣọ. Ó gbé ìdí kókó náà sókè, ó wò ó bí ẹni tó ń wo iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yíjú, ó sì wo àwa ọmọ ilé ìwé, láti orí ìlà dé ìdí rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo mọ̀ pé mo ní ìka ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n mo kà á lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọ̀kan ti sọnù.

“Èmi ni mo so ó,” ni bàbá mi wí.

Ó ní Bìsìmílà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó rọra ń tú u ni, bí ìgbà tó ń tú ojú abẹ́rẹ́ aṣọ olówó iyebíye. Ó tú ọ̀kan, ó dúró, ó tún lọ síbi èkejì. Gbogbo wa dúró nínú oòrùn títí ó fi tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tán. Èmi, tí mo mọ ohun tí mo sọ sí i, mo rí i pé bàbá mi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ikú mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò kúrò nínú ìlà. Ẹ̀rù kòmíté ń bà mí, ẹ̀rù bàbá mi ń bà mí, ẹ̀rù ààlè tí mo fọwọ́ mi so náà ń bà mí.

Wọn ò tì í mọ́lé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi pè é síwájú kòmíté, tó ń ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní ẹni tó bá ń so ààlè kò fọkàn tán àwọn ará ìlú, nítorí náà kí àwọn ará ìlú máa bá a tọ́jú ilẹ̀ náà fún ọdún kan. Oko Bàbá Ràfíù di oko kòmíté. Ẹ mọ bí ọdún kan ìjọba ṣe máa ń gùn. Àwọn kamaráàdì gbin ẹ̀gẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbàgbé láti wú u.

Bàbá mi padà sídìí ẹ̀rọ. Kò rojọ́ iyọ̀ mọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá kọjá níta, á gbé orí sókè. Èmi kò ráyè oko, ikùn rẹ̀ ni mò ń ṣọ́. Láàárọ̀, bó bá ń ṣàlùwàlá, mo ń wò ó bóyá ó ti wú. Mo mú okùn ìwọnṣọ rẹ̀, mo wọn ṣòkòtò rẹ̀ tó sá sórí okùn, kí n lè mọ̀ bóyá ó ti tú ìdí rẹ̀ gbòòrò. Mo ṣọ́ ikùn náà ju bí mo ṣe ṣọ́ oko lọ, ká sọ òótọ́.

Iléyá dé. Ewúrẹ́ tó kù nínú méjèèjì la pa, torí kò sí oko mọ́ tí yóò máa jẹko sí. Bàbá mi jẹun lọ́jọ́ náà bí ẹni tó fẹ́ bá ewúrẹ́ náà parí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tó jẹun tán, ó fẹ̀yìn ti ògiri lórí ẹní, ó tú okùn ṣòkòtò rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ikùn náà yọ róńdó. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Háà, ikùn mi.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ké tòò. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí eegun ewúrẹ́. “Bàbá, ẹ má kú! Èmi ni! Èmi ni mo so ó!”

Ìyá mi jáde pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Bàbá mi ò dìde. Ó wò mí títí ẹkún fi rọlẹ̀.

“Mo mọ̀,” ló wí. “Kókó aránṣọ ni gbogbo rẹ̀. Àwa méjì péré la mọ̀ ọ́n dì nínú ilé yìí, mi ò sì rántí pé mo so nǹkan kan.”

“Ẹ mọ̀? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi tú u?”

“Mo rọra ń tú u ni, Ràfíù. Mo rò pé tí n ó bá fi dé ìkẹta, wàá ti jáde wá bá mi. Nígbà tí mo dé ìkẹsàn-án, mo ní ó ń bọ̀. Mo wá tú u tán.”

Kò nà mí. Ó ní kí n kó eegun nílẹ̀. Ì bá ṣe pé ó nà mí, ǹ bá ti gbàgbé.

Ó ti pẹ́ tí Rèfólúsíọ̀n lọ, kòmíté ti tú ká, bàbá mi náà ti lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Wọ́n dá ìdajì ilẹ̀ náà padà fún wa, ilé ti yí i ká báyìí, kẹ̀kẹ́ akérò ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn pérégún yẹn ò kú lóòótọ́, wọ́n ti ga ju òrùlé lọ. Èmi náà ti ju ọgọ́ta ọdún, mo ti dàgbà ju bí bàbá mi ṣe wà nígbà náà lọ dáadáa, àlá rẹ̀ sì ti ràn mí. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ fún àwọn ọmọ àbúrò mi pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, n ó kó kúrò ní Djègan-Kpèvi, n ó kọ́ yàrá kan síbẹ̀, n ó sin adìẹ, n ó gbin ẹ̀gẹ́, ata, gbogbo rẹ̀. Mo ti ra ọkọ́. Mo ti ra bàtà òjò. Òjò á bẹ̀rẹ̀, èmi á ní kó kọ́kọ́ dá ná. Orúnkún mi ńkọ́? Ejò ńkọ́? Olè ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ti mọ ọ̀rọ̀ mi. “Bọ̀ọ̀dá Ràfíù, ṣé ìbẹ́pẹ ni ò tún jẹ́ kẹ́ ẹ lọ lọ́dún yìí?”

Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn, ẹ̀rù bà á, ó so mẹ́rìnlá. Èmi àgbà tí mo jókòó yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń so tèmi, lọ́dọọdún, mi ò sì lo aṣọ pupa tẹ́nikẹ́ni lè rí. Bàbá mi kò sí níbẹ̀ mọ́ tí yóò bá mi tú u.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, mo lọ sọ́jà, mo ra àpò iyọ̀ kan, àpò ńlá tó lè tó ilé kan lò fún ọdún kan. Ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ báyìí. Ìyẹn nìkan lohun tí a ní a ó máa rà. Ó ku oko.